Ẹ Má Pe Ajá Wa Ní Ojo

Mo mọ̀ pé àwọn kan á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí ohun tí mo fẹ́ jiyàn lé lórí. Wọ́n á ní nígbà tí ìrẹsì wọ́n, tí gàárì náà kò ṣe é fọwọ́ kàn, ajá ni ọmọ SS3 rí kọ àròkọ nípa rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tẹ́rùn. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbọ́ mi: ẹni tó bá ní àyè nílé, tó sì fẹ́ sin ajá, kó tó kó owó lọ ra ọmọ ajá òyìnbó, kó kọ́kọ́ bojú wo ajá tí ẹlòmíràn já sílẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Kódà bí ajá náà bá jẹ́ kírọ́ọ̀sì. Kódà bó bá ń gbọ̀n bí ewé tó bá ti rí ènìyàn. Ajá tó ń gbọ̀n yẹn kì í ṣe ojo. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ìdílé kan ní òpópónà kejì sí tiwa, níbí ní Ìbàdàn, jápa. Wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n ta fíríìjì, wọ́n ta àga, wọ́n pín kọ́tìnnì fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tó kan ajá, wọ́n fi owó oúnjẹ oṣù kan lé mẹ́gáàdì lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn á máa fi èyí tó kù ránṣẹ́. Oṣù kan pé, owó kò dé. Mẹ́gáàdì náà kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ajá wà lórí ṣéènì lẹ́yìn géètì. Níbẹ̀ ni ayálégbé tuntun tó kó dé ti bá a, egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọrùn rẹ̀ sì ti dégbò níbi tí ṣéènì ti ń gé e. Ayálégbé náà kò fẹ́ ajá. Ó ti ń bá ọkùnrin kan dúnàádúrà, ọ̀kan lára àwọn tó ń ra ajá kiri fún àwọn tó ń ta ẹran rẹ̀. ₦8,000 ni ọkùnrin yẹn fẹ́ san. Màmá mi tó ń ti ọjà bọ̀ ló bá wọn níbẹ̀. Ó wo ajá náà, ajá náà kò lè wo ojú rẹ̀. Ó san ₦8,500. Títí di òní, ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe òun lọ́jọ́ náà, nítorí owó tó yẹ kó fi lọ ata ni.

Bàbá mi dé nírọ̀lẹ́, ó bá ohun kan tó ká jọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ajá lókà ni ìyá rẹ̀, bí mẹ́gáàdì ṣe sọ nígbà kan. Ajá Jámánì ni bàbá rẹ̀. Etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán bíi ti bàbá, èkejì wó lulẹ̀ bíi ti ìyá. Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé èyí lo fi owó ata rà?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ajá náà fi wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù yẹn. Kò gbó rárá. Òru ló ń jẹun, nígbà tí gbogbo wa bá ti sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìgbálẹ̀ dání, á tọ̀ sára. Bí bàbá mi bá ń tú ìgbànú rẹ̀ nínú yàrá, tí irin ìgbànú náà dún, ajá tó wà níta á ki ìrù bọ àárín itan, á fi àyà lélẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ọ pé ìró irin ìgbànú ní ìtumọ̀?

Ibí yìí gan-an ni èmi àti àwọn àgbà àdúgbò wa ti yapa. Ọ̀kan ní kí a nà án dáadáa, ojú rẹ̀ á là. Èkejì ní kí a máa fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa bí i. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń sin Rottweiler méjì ní òun máa ń tì wọ́n mọ́ inú kéèjì, tí òun á fi aṣọ bò ó láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n má bàa mọ ẹnikẹ́ni, pé ìgbà náà ni ajá máa ń gbóná. Gbogbo wọn fẹnu kò pé ajá tí kò bá lè dẹ́rù ba olè, ẹrù lásán ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ajá ti fi hàn pé láti ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n bí ọmọ ajá títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ó ń kọ́ ohun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ohun tó jẹ́ ewu. Èyí tó bá jẹ́ pé ogiri àti ṣéènì nìkan ló rí láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, á dàgbà tán, gbogbo ohun tuntun á sì máa já a láyà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a ṣe bí wọn nìyẹn, ara wọn kò gba ariwo, bí a ṣe ní ọmọ tí omi máa ń bọ́ lójú rẹ̀ tí wọ́n bá ti ké mọ́ ọn. Etí ajá náà kọjá tiwa. Ìró tó bá ti ga ju 20,000 Hz lọ, ènìyàn kì í gbọ́ ọ. Ajá ń gbọ́ títí dé nǹkan bí 45,000. Ọ̀pọ̀ ìró tí àwa kò mọ̀ pé ó wà, òun ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án lóru.

Kí wá ni ẹgba fẹ́ kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ ènìyàn ló ń bẹ̀rù, ẹ wá fi ọwọ́ ènìyàn nà án. Ohun tí ẹ sọ fún un ni pé òótọ́ ni ohun tó ń bẹ̀rù, kó má ṣe gbàgbé. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tó máa ka àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ ajá ni mò ń sọ o.

Ohun tí èmi ṣe kò le. Ìdánwò ń bọ̀, mo ní láti kàwé. Mo gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo kọ ẹ̀yìn sí dúrọ́ọ̀mù, mo ń ka Báyọ́lọ́jì jẹ́ẹ́jẹ́. N kò wò ó. Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ajá tó ń bẹ̀rù, ìjà ni ajá náà máa rò pé ó ń wá, àti pé ọwọ́ tó bá ti òkè wá sórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọwọ́ tó fẹ́ gbá a. Èmi kàn ń fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, n kò yíjú. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo gbọ́ tí nǹkan ń run ẹja lẹ́yìn mi. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, imú tútù kan kàn mí ní ìgúnpá. Mo fẹ́ pariwo, mo pa á mọ́ra. Orí ẹ̀kọ́ kíndìnrín ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Di bí mo ṣe ń wí yìí, bí mo bá rí àwòrán kíndìnrín, imú ajá ni mò ń rántí.

Àwọn tó jápa ń pè é ní Jack. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń wólẹ̀. Ìyá àgbà tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn ló fún un ní orúkọ mìíràn. Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́, Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ sí aládùúgbò lójú, á fi sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, á wá máa pe ajá náà kíkankíkan níta. Tanímọ̀la ni Ìyá àgbà pè é. Ẹni tó bá rò pé ajá nìkan ni orúkọ yẹn ń bá wí, kó tún un rò.

N kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Nígbà ọdún Àjíǹde, àǹtí mi àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà lọ bá Tanímọ̀la níbi tó ti ń jẹun. Ajá náà dúró gbọn-in, ó lá ẹnu rẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, funfun ojú rẹ̀ yọ, ó wá kùn. Èdè ajá ni gbogbo ìyẹn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Àlejò kan tó jókòó nítòsí gbọ́ ọ, ó bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ lù ú. Ó ní, "Ìwọ ajá, ọmọ ènìyàn lò ń kùn sí?" Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún lọ. Ajá kò kùn mọ́. Ṣé wọ́n ti nà án nítorí kíkùn? Ó kàn já mọ́ ọn ni. Ṣòkòtò ọmọ náà ló ya, eyín kò kan ara. Ariwo gba ilé. Bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n lọ pe ọkùnrin tó ń ra ajá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi wa ni. A fi ọmọ kékeré sílẹ̀ nídìí oúnjẹ ajá, ajá kìlọ̀ fún wa, a nà án nítorí ìkìlọ̀. Bí ẹ bá na ọdẹ àdúgbò nítorí pé ó fọn fèrè, lọ́jọ́ tí olè bá dé, ṣé ó tún máa fọn ọ́n?" Kò dá mi lóhùn. Nígbà tó di àárọ̀, ó ní òun fún wa ní oṣù kan péré.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi tí mo bá gbọ́ pé kí a fi ìyà sọ ajá di akíkanjú. Ajá tí wọ́n fi ata àti òkùnkùn tọ́ kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà. Ẹ̀rù náà ni, kò lọ síbì kankan, eyín ló fi ń jáde báyìí. Ó ṣì jẹ́ ajá tó ń bẹ̀rù, àmọ́ ẹ ti gba ohùn tí ì bá fi kìlọ̀ fún yín lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ajá tí wọ́n já sílẹ̀ léwu ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: dìgbòlugi. Bí àmì àrùn yẹn bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú ènìyàn 100 tó ń kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Ṣùgbọ́n irú ajá wo? Ajá tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, yálà ó jẹ́ kírọ́ọ̀sì tàbí èyí tí wọ́n fi bàálù gbé wá. Kòkòrò àrùn kì í bèèrè ìran ẹni. Àjọ kan náà ní bí a bá lè fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ yìí ní agbègbè kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Ẹ wá sọ fún mi, ajá tí ẹ lé jáde pẹ̀lú igi, tó ń jẹ ààtàn kiri, ta ni yóò fún un ní abẹ́rẹ́? Tanímọ̀la ti gba tirẹ̀, káàdì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ màmá mi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí wa, a ó sì máa tún un gbà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ wa ń kọjá níbẹ̀ láì wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, kì í ṣe epo pupa la máa ń fi sí i. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni ká fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ká gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Mo tún gbà pé kì í ṣe gbogbo ilé ni irú ajá yìí bá mu. Ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí tí kò sí àgbà tó ń ṣọ́ wọn, ilé tí wọn kì í sí nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Èmi àti bàbá mi kan pákó yí ibi tó ti ń jẹun ká, òfin sì wà pé ọmọdé kì í wọ ibẹ̀. Ìyẹn tó ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ n wá bá àwọn tó fẹ́ràn ìran sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ́, kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ajá Jámánì tí ìran rẹ̀ mọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni oríkèé ìbàdí ń yọ lẹ́nu tí wọ́n bá ń dàgbà, nítorí pé inú ìran kan náà ni wọ́n ti ń mú wọn bí sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1957, ìjọba Soviet fi ajá kan tó ń jẹ́ Laika ránṣẹ́ sókè nínú Sputnik 2, òun sì ni ẹranko àkọ́kọ́ tó yí ayé po láti òkè. Kírọ́ọ̀sì ni Laika. Ojú pópó Moscow ni wọ́n ti he é. Wọn kò ṣètò kankan bí yóò ṣe padà, òkè lọ́hùn-ún ló kú sí. Bí mo bá rántí rẹ̀, n kì í mọ̀ bóyá kí n fi yangàn ni tàbí kí n bínú. Èyí tó dá mi lójú ni pé kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ebi kò ní gùn lẹ́nu mi. Orí ẹja tí a kì í jẹ, ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù, àmàlà tó ti tutù, òun ni Tanímọ̀la ń jẹ. Owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tó owó káàdì fóònù tí bọ̀ọ̀dá mi ń jẹ lóṣù kan, bọ̀ọ̀dá mi sì mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Àwọn tí kò sì rówó jẹun rárá, n kò bá wọn wí. Àwọn tó rówó ra ọmọ ajá òyìnbó ni mò ń bá wí.

Àlájì tó ń gbé yàrá iwájú kò fẹ́ kí Tanímọ̀la súnmọ́ kẹ́tùlù àlùwàlá òun. A ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, a sì ń ṣọ́ ọ. Àmọ́ Àlájì kan náà ló sọ ìtàn kan fún mi látinú hadíìsì, ti ènìyàn kan tó rí ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa, tó fi bàtà ara rẹ̀ fa omi nínú kànga fún un mu, tí Ọlọ́run sì dárí jì í nítorí rẹ̀. Àlájì ní kí n kọ ọ́ sínú àròkọ mi. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ wo òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, èyí tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, sọ pé ẹni tó bá na ẹranko nínàkunà tàbí tó fi ìyà jẹ ẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà! Ẹni tó fi ṣéènì gé ọrùn ajá máa san iye tí kò tó ra búrẹ́dì ẹyọ kan, á sì máa lọ sílé. Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ mọ àwọn aṣòfin, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ti ka ibẹ̀ rí.

Oṣù kan tí bàbá mi dá ti pé, ó ti kọjá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa. Nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yin bángà lọ́tùn-ún lósì, tí Tanímọ̀la ti sá padà sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ àtijọ́, mo jáde lóru láti lọ wò ó. Mo bá bàbá mi níbẹ̀ lórí àpótí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí dúrọ́ọ̀mù, ó gbé rédíò lé itan, ó sì ti yọ ìgbànú rẹ̀. Mo ní, "Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" Ó ní atẹ́gùn lòun ń gbà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó ń ra bángà, ẹ ṣe mí lóore kan, ẹ lọ yìn ín níbi tó jìnnà sí géètì wa. Ẹni tí kò bá sì gbà pẹ̀lú ohun tí mo kọ, ilé wa kò jìnnà, kó wá ká jọ jiyàn. Kó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, kó má tẹjú mọ́ ọn, kó jókòó, kó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Kó mú ẹja dání.